Ta Ni Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Wà Fún? Ohùn Gíríìkì Àtijọ́ àti Ohùn Yorùbá

    

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà níwájú àpéjọ ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó yìí: àmì tí wọ́n ń fi sí orí ọ̀rọ̀ láti fi ohùn hàn, ta ni ó wà fún? Ìbéèrè náà lè dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ènìyàn bá fún un ni yóò pinnu bóyá yóò máa fi àmì sí ohun tí ó ń kọ tàbí yóò máa fò ó. Láti dáhùn rẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì àtijọ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àmì náà ti wá, yóò sì padà sí ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àmì náà ti bá iṣẹ́ tí ó pọ̀ ju ti ibi tí wọ́n bí i lọ pàdé. Ohun tí yóò gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ni ó ni àmì ohùn, àti pé ẹni tí ó bá ń kọ̀wé láìfi àmì sí i ti pinnu, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, pé àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nìkan ni òun ń kọ̀wé sí.

1. Ohùn, ìgbóhùnsókè àti ìtẹnumọ́

Nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kí àlàyé tó lè dúró. Àkọ́kọ́ ni ohùn. Ohùn ni bí a ṣe ń pe sílébù kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sísàlẹ̀, tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì rọ̀ mọ́ ọn. Mẹ́ta ni Yorùbá ní, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, kò sì sí sílébù kan tí kò ní tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ létà mẹ́rin péré, o, g, u, n, tí kò fi àmì kankan sí i, ogun tí wọ́n ń jà wà níbẹ̀, ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ wà níbẹ̀, Ògún tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń bọ wà níbẹ̀, odò Ògùn náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì ni ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò máa pè ní ìgbóhùnsókè. Nínú èdè tí ó ní ìgbóhùnsókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibì kan ṣoṣo tí ohùn ti ń ga jù. Àwọn sílébù yòókù kò ní ohùn tí ó jẹ́ tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń gun òkè lọ sí ibẹ̀ tàbí kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀. Gíríìkì àtijọ́ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ìtẹnumọ́, èyí tí í ṣe pé kí a fi agbára àti ariwo pe sílébù kan ju àwọn yòókù lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Àwọn tí ó ń sọ Gíríìkì lónìí ti kúrò nínú ẹgbẹ́ kejì, wọ́n ti bọ́ sínú ẹ̀kẹta, ìyípadà yìí sì ṣe pàtàkì sí ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀, nítorí pé ohùn ni ó yí padà, àmì kò bá a yí padà.

2. Òfin tí ó de ohùn Gíríìkì

Ohùn Gíríìkì kì í ga níbi tí ó bá wù ú. Ó gbọ́dọ̀ ga lórí ọ̀kan nínú sílébù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀, bí fáwẹ́lì tí ó parí ọ̀rọ̀ bá sì gùn, kò lè ga ju sílébù kejì láti ẹ̀yìn lọ. Ánthrōpos ni ọ̀rọ̀ wọn fún ènìyàn, ìlà orí ō sì ń fi hàn pé fáwẹ́lì náà gùn. Ohùn rẹ̀ ga ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà yóò di anthrṓpou, ìparí rẹ̀ yóò gùn, ibi gíga náà yóò sì sún síwájú sí àárín.

Yorùbá náà ní ibi tí ohùn òkè kì í dé. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè: ilé wà, ìlú wà, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ tí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ rẹ̀ gba àmì òkè. Èdè méjèèjì ni ó ní ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n ti, kìkì pé Yorùbá ti tirẹ̀ ní iwájú ọ̀rọ̀, Gíríìkì sì ka iye sílébù láti ẹ̀yìn.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn jù ni orí fáwẹ́lì gígùn. Ìdajì méjì ni fáwẹ́lì gígùn Gíríìkì, ohùn sì lè ga lórí ìdajì àkọ́kọ́ kí ó tó wálẹ̀, tàbí kí ó ga lórí ìdajì kejì. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ti àkọ́kọ́ dàbí ìparí ọ̀rọ̀ “náà”, ti èkejì dàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ “àárọ̀”. Àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, phôs tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jẹ́ ìmọ́lẹ̀, phṓs tí ohùn rẹ̀ gòkè sì jẹ́ ọkùnrin nínú èdè àwọn akéwì.

Àṣìpè lórí fáwẹ́lì bẹ́ẹ̀ ni ó ba òṣèré kan tí ń jẹ́ Hegelochos lórúkọ jẹ́ ní ìlú Áténì. Ní 408 ṣáájú ìbí Jésù, òun ni ó kó ipa Orestes nínú eré Euripides tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orestes ti ya wèrè, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò, ó sì yẹ kí ó sọ pé lẹ́yìn ìjì, òun tún rí òkun tí ó pa rọ́rọ́. Galḗn’ ni ọ̀rọ̀ náà, kí ohùn gòkè lórí fáwẹ́lì rẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Hegelochos jẹ́ kí ohùn náà wálẹ̀, ó di galên, ìyẹn ẹranko kékeré kan tí àwọn Gíríìkì ń sìn nílé kí ó lè máa pa eku. Ọmọ ọba tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ bọ̀ wá dúró níwájú gbogbo ìlú, ó ń kéde pé òun rí apeku. Ẹlẹ́fẹ̀ kan, Aristophanes, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré tirẹ̀, Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́, ní 405.

Bí àwọn tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí bá rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ ìdí rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Síbẹ̀, ó yẹ kí a wọn ẹrù tí ohùn ń rù nínú èdè méjèèjì. Àwọn ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ́ pé ìgbóhùnsókè nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò pọ̀. Kónsónáǹtì, fáwẹ́lì àti ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kúkúrú pọ̀, sílébù kọ̀ọ̀kan sì ní ohùn, nítorí náà ẹrù ohùn wúwo débi pé onílù dùndún lè fi awọ àti igi nìkan sọ̀rọ̀, láìlo fáwẹ́lì, láìlo kónsónáǹtì, kí ẹni tí ó mọ oríkì náà sì dá a mọ̀. Kò sí ìlù tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gíríìkì, nítorí pé ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ ni ibi gíga wọn bára mu. Kókó àkọ́kọ́ nìyí: èdè tí ẹrù ohùn rẹ̀ fúyẹ́ ni ó ṣe àmì fún un.

3. Ohùn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà láàárín ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró kì í ṣe bí èyí tí ó wà nínú gbólóhùn. Agathós, tí ó túmọ̀ sí ẹni rere, ní ohùn gíga ní ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tẹ̀ lé e, ohùn náà yóò rọlẹ̀, àmì rẹ̀ yóò sì yí padà, yóò di agathòs. Yorùbá ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kà ní ohùn ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ nínú ó kà á. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ yóò di àárín, ó ka ìwé. Bákan náà, bí a bá sọ pé ọmọ lọ, sílébù tí ó kẹ́yìn ọmọ yóò gba ohùn òkè, a ó sì gbọ́ ọmọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ tí ó kẹ́yìn yìí dáadáa. Àkọtọ́ Yorùbá kì í kọ ohùn òkè tí ó bọ́ sórí ọmọ náà, kò sì sí Yorùbá kan tí ó ń ṣi gbólóhùn náà pè nítorí ìyẹn, nítorí pé òfin náà wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn láti kékeré. Àjèjì tí ó ń kọ́ Yorùbá láti inú ìwé ni yóò ṣì í pè. Ohun tí etí ti mọ̀, ọwọ́ kì í kọ. Ohun tí etí ẹlòmíràn kò lè mọ̀ ni ó yẹ kí ọwọ́ kọ. Ìdáhùn sí ìbéèrè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ń yọjú láti ibí.

4. Ẹ̀rí tí orin jẹ́

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ohùn ni Gíríìkì ń gbé sókè, tí kì í ṣe agbára ni wọ́n ń fi pe ọ̀rọ̀? Ẹ̀rí kan wá láti ọ̀dọ̀ Dionysius ará Halicarnassus, olùkọ́ ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ní Róòmù ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kẹ́yìn ṣáájú ìbí Jésù. Ó kọ ọ́ pé nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìn ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè kò ju ìwọ̀n tí àwọn akọrin òde òní yóò pè ní dó sí sọ̀ lọ. Ó tún tọ́ka sí orin kan nínú eré Orestes kan náà yìí, ó ní orin náà kò ka ìgbóhùnsókè ọ̀rọ̀ sí rárá, pé sílébù tí ó yẹ kí ó ga ni orin ń fà wálẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wà lára òkúta. Ní 1893 àwọn awalẹ̀pìtàn rí orin méjì tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ilé ìṣúra àwọn ará Áténì ní Delphi, orin ìyìn sí òrìṣà Apollo, tí wọ́n kọ ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ṣáájú ìbí Jésù, tí àmì orin sì wà lórí ọ̀rọ̀ wọn. Nínú orin wọ̀nyí, sílébù tí ìgbóhùnsókè bá wà lórí rẹ̀ kì í sábà lọ sísàlẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Orin ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀.

Àwọn olórí akọrin tí ó wà níhìn-ín mọ ìjà tí ó wà láàárín orin àti ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé lórí, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí ó dìde láti tún un ṣe pọ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ń ṣe orin ìsìn tí ó tẹ̀ lé ohùn Yorùbá, wọ́n sì gba orin rẹ̀ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, kọ ìwé Yoruba Music ní 1953 láti fi ìlànà náà hàn. Àwọn tí ó jókòó nínú ìjọ ń gbọ́ àléébù orin nítorí pé ọ̀rọ̀ wà létí wọn. Dionysius náà gbọ́ ti Orestes nítorí ìdí kan náà. Ní tiwa, tí a kò gbọ́ Gíríìkì àtijọ́ rí, bí kò bá sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, kò sí ohun tí à bá fi mọ̀.

5. Ta ni ó ṣe àmì, ta ni ó sì ṣe é fún?

Homer, Euripides àti Plato kò fi àmì kan ṣoṣo sí orí ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tí ó ń ka ìwé wọn ní ayé wọn kò nílò rẹ̀. Ní nǹkan bí 200 ṣáájú ìbí Jésù ni àmì yọjú, ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, orúkọ Aristophanes ará Byzantium, olórí ibi ìkówèésí ńlá ìlú náà, ni ìtàn sì so mọ́ ọn. Kí a má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ẹlẹ́fẹ̀ Áténì tí ó fi Hegelochos ṣe yẹ̀yẹ́. Àmì mẹ́ta ni: èyí tí ó fi ohùn gíga hàn, èyí tí ó fi ohùn tí ó wálẹ̀ hàn, àti èyí tí ó fi gíga àti ìwálẹ̀ hàn pọ̀ lórí fáwẹ́lì gígùn kan.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Alẹkisáńdíríà? Ìlú tí onírúurú ènìyàn ti ń sọ Gíríìkì ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mu èdè náà lọ́mú ìyá. Àní àwọn tí ó jẹ́ ọmọ Gíríìkì pàápàá ń ka Homer tí ó ti kọjá lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ń ka àwọn akéwì, Sappho nínú ẹ̀ka-èdè Lesbos, Alcman nínú ti Sparta. Nínú àwọn ìwé pápírúsì tí ó kù láti ayé náà, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi àmì sí. Orí ọ̀rọ̀ tí ó lè dojú rú, ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ mọ́, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè nínú ìwé àwọn akéwì ni ó sábà máa ń wà. Ó di ọ̀rúndún kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí Jésù kí ó tó di àṣà láti fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, nígbà tí ohùn náà fúnra rẹ̀ ti kú lẹ́nu àwọn tí ó ń sọ èdè, tí ìtẹnumọ́ sì ti gba ipò rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Gíríìkì ti ń há àmì mẹ́ta sórí, èyí tí ẹnu wọn kò fi ìyàtọ̀ sí mọ́, títí di 1982, nígbà tí ìjọba Gíríìsì gé wọn kù sí ẹyọ kan fún ìtẹnumọ́. Ohùn kú, àmì sì pẹ́ láyé ju ohùn lọ ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ àmì náà ni ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lónìí lè mọ ohun tí Hegelochos ṣe tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀.

6. Bí àmì náà ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Samuel Àjàyí Crowther, tí ó ti kọ́ Gíríìkì àti Látìnì, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó sì tún gbé e jáde pẹ̀lú gírámà ní 1852. Nígbà tí àwọn ìjọ Áńgílíkà ń wá ọ̀nà láti kọ ohùn Yorùbá, àmì méjì tí ó ti Alẹkisáńdíríà wá ni wọ́n mú, èyí tí ó gòkè fún ohùn òkè àti èyí tí ó sọ̀ kalẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀. Wọ́n fi ohùn àárín sílẹ̀ láìní àmì. Àpérò tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ náà múlẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní àmì kẹta fún fáwẹ́lì tí ó gùn, nã ni wọ́n ń kọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ ní 1965 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, wọ́n da àmì kẹta yẹn nù, wọ́n sì ní kí a kọ fáwẹ́lì méjèèjì pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, náà. Ìdajì méjì tí àwọn Gíríìkì fi àmì kan ṣoṣo bò mọ́lẹ̀, àkọtọ́ Yorùbá tú u sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ojú rí i.

Nítorí náà, irinṣẹ́ tí Yorùbá ní lónìí dára ju ti ibi tí ó ti wá lọ. Ohun tí ó kù ni lílò rẹ̀. Ìwé ìròyìn ń jáde láìní àmì, pátákó ń dúró lójú títì láìní àmì, orúkọ ọmọ ń wọ inú ìwé ẹ̀rí láìní àmì. Gíríìkì tọ́jú àmì nígbà tí ohùn ti lọ. Yorùbá ní ohùn lódindi, ó sì ń ju àmì nù.

7. Àtakò kan, àti ohun tí ó kan Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ọ̀rọ̀ láti inú gbólóhùn, àti pé àmì ń fa ìdádúró fún òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé. Apá kan àtakò yìí tọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yí ọ̀rọ̀ ká máa ń ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ púpọ̀ kò sì mú kíkọ létà bí ẹ́ rọrùn, èyí tí ó nílò àmì lókè àti lábẹ́. Ṣùgbọ́n àtakò náà gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ó ń kàwé ti gbọ́ èdè náà, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti kọsẹ̀.

Bí ìwé ìròyìn kan bá kọ ọ́ gàdàgbà pé OGUN DE NI ONDO, ará Oǹdó tí ó mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣe ọdún Ògún yóò kà á pẹ̀lú ìdùnnú. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston yóò rò pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú bàbá rẹ̀. Orúkọ ènìyàn àti ti ìlú kì í sì í ní gbólóhùn tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ń dá dúró lórí pátákó àti nínú àkọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ni ó wá le jù. Ilé ni Yorùbá àjùmọ̀lò ń wí. Ulé ni ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Èkìtì àti Àkúrẹ́, èdè tí ó ń jẹ́ kí orúkọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u. Ní Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Ọ̀wọ̀, wọ́n ń pe ìró kan tí wọ́n ń kọ ní gh, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń pe w nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ tí ó bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìní àmì kò ní ohun tí yóò fi méfò ohùn rẹ̀, nítorí pé kò gbọ́ ọ rí. Ọmọ Àkúrẹ́ tí ó dàgbà nínú Yorùbá ilé-ìwé náà yóò di àjèjì sí i bí àwọn àgbà bá ti lọ. Bí Alcman ti rí sí ará Alẹkisáńdíríà, bẹ́ẹ̀ ni oríkì ìdílé Oǹdó tí wọ́n tẹ̀ láìní àmì yóò rí sí ọmọ ọmọ ẹni tí ó ń kì í lónìí.

Ìparí

Ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ta ni àmì wà fún. Àwọn akọ̀wé Alẹkisáńdíríà ti dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn: wọn kò fi àmì sí ibi gbogbo, ibi tí ẹni tí ó jìnnà yóò ti ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀ lé èyí fún Àkúrẹ́, Oǹdó àti ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀. Kí gbogbo orúkọ ènìyàn àti ti ìlú gba àmì kíkún nínú ìwé ìjọba, ti ilé-ìwé àti ti ìjọ. Kí oríkì, orin ọdún àti ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè má ṣe jáde nínú ìwé kankan láìní àmì lórí sílébù tí ó yẹ, kí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà sì ni ó fi í sí i. Kí ìwé tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọdé ní àmì lódindi, kí àwọn akọ̀ròyìn tí iṣẹ́ ń lé sì fi í sí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè yí padà, ó kéré tán.

Èkíní nínú mẹ́ta yìí kò nílò owó, kò sì nílò àṣẹ láti Àbújá. Àwọn akọ̀wé ìjọ àti olùkọ́ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí ní ọjọ́ Ajé.